Orí Keje: Mo Ti Bá Yín Tẹ̀ Ẹ́

Ìyá mi kò wá fóònù olówó ńlá. Èyí tí yóò fi máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, tí yóò sì fi máa gbọ́ ìwàásù, ti tó o. A wọ ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ kí oòrùn tó mú, a sì yà sí ìsọ̀ ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà yá lọ́wọ́. Ó já nàìlọ́ọ̀nù ara páálí, ó yọ fóònù jáde, ó ki síìmù bọ̀ ọ́, ó tàn án. Àtàǹpàkò rẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Ojú fóònù ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ kún ojú kọ̀ọ̀kan bámúbámú, bọ́tìnnì kan sì wà nísàlẹ̀. Àtàǹpàkò náà kò dúró ka ohunkóhun. Mo ka ìgbà méje tí ó tẹ̀ ẹ́ kí n tó béèrè pé kí ni ó ń tẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu,” ìyá mi ni ó dá lóhùn, “mo ti bá yín tẹ̀ ẹ́.”

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un pé ọjà á tà. Ọmọ náà kò ní ibi kankan nínú. Ó fẹ́ kí fóònù ṣiṣẹ́ kí oníbàárà tó kúrò níwájú òun, kí wọ́n má baà padà wá sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn, ìyá mi ti bá àwọn iléeṣẹ́ tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí ṣe àdéhùn. Ó ti gbà kí wọ́n máa mọ ibi tí ó wà, kí wọ́n máa gba ìròyìn bí ó ṣe ń lo ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì máa fi ohun tí ó bá wò yan ìpolówó ọjà fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù lọ́la, wọ́n á ní òun ló tẹ̀ ẹ́.

Ó ti pẹ́ tí èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ọ́kọ a máa tẹ̀ka. Wọ́n á ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, wọ́n á gbé e lé ìsàlẹ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ní Ọ̀jọ́ àti Iba, níbi tí ilẹ̀ àwọn Àwórì ti di ilé àti ọjà láàárín ìran méjì, ẹ ó gbọ́ ìtàn bàbá àgbà tó rò pé òun ń yá àlejò ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko, tí ìwé tó tẹ̀ka sí sì sọ pé títà ni ó tà á. Àwọn òfin ìlú mọ ewu yìí. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ti wà ní Nàìjíríà, Èkó náà sì ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Bí ó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, ó ti jẹ́rìí pé ohun tí onítọ̀hún rán òun ni òun kọ, pé òun kà á sí i létí, òun sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka. Àwọn akọ̀wé tó máa ń gbé tábìlì síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ láyé àtijọ́ mọ òfin yìí dáadáa, nítorí pé bí wàhálà bá dé, orúkọ wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ wá.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni pé níwájú íntánẹ́ẹ̀tì, aláìmọ̀wé ni gbogbo wa, àti ìyá mi, àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó wà ní Ọ̀jọ́. Ní 2008, Aleecia McDonald àti Lorrie Cranor ní Yunifásítì Carnegie Mellon ṣírò iye àkókò tí yóò gba ará Amẹ́ríkà kan bí ó bá ní kí òun ka gbogbo ìwé ìlànà àṣírí àwọn ìkànnì tí òun ń yà sí láàárín ọdún kan. Ó lé ní 200 wákàtí. Ẹni tó ń jí ní agogo mẹ́rin kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ gó-síló ọ̀nà Àgbádárìgì, ibo ni yóò ti rí 200 wákàtí? Nítorí náà, a kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. A ń tẹ̀ka sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà fún wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì náà.

Bíráúsà ni ilẹ̀kùn tí a ń gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onímọ̀ èdè ń pè é ní aṣàwákiri, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́ ni Chrome, Opera, Firefox tàbí Safari. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, onígbàgbé ni ìkànnì. Ẹ béèrè ojú-ewé kan, ó gbé e fún yín, ó sì gbàgbé yín lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá padà dé ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, àlejò ni yín. Èyí kò ṣeé fi ta ọjà, nítorí pé bí ẹ bá mú bàtà sínú apẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì yíjú láti lọ mú bẹ́líìtì, bàtà ti kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ní 1994, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lou Montulli ní iléeṣẹ́ Netscape wá nǹkan ṣe sí i. Ó ní kí ìkànnì máa fún bíráúsà ní ìwé pélébé kan tó ní nọ́ńbà lára, kí bíráúsà fi í pamọ́, kí ó sì máa fi í hàn ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà wá. Ó pè é ní kúkì.

Télọ̀ tó ń rán aṣọ fún mi ní Òkókómáíkò ń ṣe ohun kan náà láìmọ̀. Ó ní ìwé kan tí ó kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti apá sì wà níwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti dá nọ́ńbà mi, kò tún nílò láti fa téèpù. Òun ni ó kọ ọ́, ìwé náà kò sì kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀. Kúkì tó rí báyìí kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ wọlé sínú ímeèlì yín láàárọ̀ láìtún kọ páásíwọ́ọ̀dù lọ́sàn-án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Montulli mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí nọ́ńbà ti ìkànnì kan má ṣe jọ ti òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi í tọ ènìyàn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn apolówó ọjà rí ihò lára ògiri. Ẹ padà wá sí Alábà. Ẹ wọ ìsọ̀ olórédíò, ó kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀, ìyẹn kò burú. Àmọ́ ọkùnrin kan jókòó sí kọ̀rọ̀ ìsọ̀ náà tí kò kí yín, tí ẹ̀yin náà kò sì kí i, nítorí pé olórédíò ló gbà á láàyè láti jókòó síbẹ̀. Ó lẹ bébà kan mọ́ yín lẹ́yìn. Ẹ jáde, ẹ wọ ìsọ̀ onífíríìjì. Ọmọọṣẹ́ ọkùnrin yẹn ti wà níbẹ̀, ó wo bébà ẹ̀yìn yín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra oògùn ìtọ̀ ṣúgà ní ilé oògùn, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lọ béèrè owó èlé lọ́wọ́ ẹnìkan ní ìdákọ́ńkọ́, ó wà níbẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di alẹ́, gbogbo àwọn ọmọọṣẹ́ yìí á kó ìwé wọn jọ síwájú ọ̀gá wọn, ọ̀gá á sì mọ̀ pé ẹni tó ń wá fíríìjì yìí ní ìtọ̀ ṣúgà, owó sì ń pọ́n ọn lójú. Kò mọ orúkọ yín. Kò nílò rẹ̀ láti ta yín fún ẹni tó fẹ́ yá yín lówó ní èlé gọbọi. Kúkì ẹnìkẹta ni wọ́n ń pe irú èyí. Kì í ṣe ti ìkànnì tí ẹ yà sí, ti ẹlòmíràn tí ìkànnì náà gbà sílé ni.

Ẹ wo bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà “dátà” lẹ́nu. Ní Iba, bí ọmọ kan bá ní dátà òun ti tán, owó ló fẹ́ gbà láti fi ra òmíràn. Dátà tí gbogbo ayé ń jà lé lórí, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa yín, kì í tán. Ohun tó sì dùn mí jù lọ ni pé owó yín ni wọ́n fi ń gbé e. Àwọn ìlànà ìtọpinpin àti àwòrán ìpolówó tó wà lára ojú-ewé kan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú fóònù yín kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́, inú dátà tí ẹ rà ni wọ́n sì ti ń jẹ.

Àwọn tó ń ṣe bíráúsà kò fi ọwọ́ kan náà mú ọ̀rọ̀ yìí. Safari ti ti ilẹ̀kùn pa mọ́ kúkì ẹnìkẹta láti 2020. Ní 2022, Firefox há ti ìkànnì kọ̀ọ̀kan mọ́ inú àpótí tirẹ̀, kí ọ̀kan má lè rí ti èkejì. Google tó ni Chrome kéde ní 2020 pé láàárín ọdún méjì òun náà á pa á rẹ́. Ó sún un síwájú, ó tún sún un, nígbà tí ó di oṣù keje 2024 ó ní òun kò ṣe é mọ́. Inú ìpolówó ọjà ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó Google ti ń wá, Chrome sì ni àwọn fóònù Android máa ń bá wá. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí síwájú ara wọn kí ẹ wò ó.

Kódà bí kúkì bá kú lónìí, nǹkan kan kù tó le jù ú lọ. Bíráúsà máa ń sọ nǹkan kéékèèké nípa ara rẹ̀ fún ìkànnì kí ojú-ewé lè jókòó dáadáa: bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó, èdè tí ẹ yàn, agogo ìlú yín, irú lẹ́tà tó wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹgbàágbèje ló kọ àbàjà ní ayé àtijọ́, ẹgbàágbèje ló ń tiro, ẹgbàágbèje ló ń wọ dàńṣíkí aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní alábàjà tó ń tiro nínú dàńṣíkí aláwọ̀ ewé ń bọ̀ láti Ìyànà Iba, ẹ ti mọ ẹni náà. Ní 2010, ẹgbẹ́ EFF ní Amẹ́ríkà yẹ bíráúsà bíi 470,000 wò, wọ́n sì rí i pé 83.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn dá yàtọ̀ gédégédé, kò sí èkejì wọn láàárín gbogbo ìyókù. Àwọn òyìnbó pe ọ̀nà yìí ní ìtẹ̀ka bíráúsà. Orúkọ náà bá a mu ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí pé ìtẹ̀ka ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ kò gbé ìka lé ohunkóhun. Kò sí bọ́tìnnì kankan níbẹ̀ tí ẹ lè kọ̀ láti tẹ̀.

Àwọn òfin ń bá a bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2019, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a lẹ́jọ́ nínú ọ̀ràn Planet49 ti Jámánì pé àpótí tí wọ́n ti bá ènìyàn fàmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Láti ibẹ̀ ni àwọn pátákó “ẹ gba gbogbo rẹ̀” ti túbọ̀ bo ojú-ewé gbogbo. Ẹ wo pátákó náà dáadáa nígbà mìíràn. Bọ́tìnnì “mo gbà” tóbi, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn, ẹsẹ̀ kan péré ni. “Mi ò gbà” wà nínú yàrá kejì tàbí ìkẹta, lẹ́tà rẹ̀ rí bàìbàì. Ní ìparí 2021, àjọ CNIL ti ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 yúró lé Google, àti mílíọ̀nù 60 lé Facebook, fún ohun kan ṣoṣo yìí: wọ́n mú kí kíkọ̀ nira ju gbígbà lọ.

Nàìjíríà náà ní tiwa. Ẹsẹ 37 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé àṣírí ọmọ ìlú kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè wọlé tọ̀. Ìlànà ìdáàbòbò dátà tí àjọ ìjọba NITDA gbé jáde tẹ̀lé e ní oṣù kìíní 2019, lẹ́yìn náà Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023. Mo fẹ́ràn ohun tí òfin yìí sọ nípa ìyọ̀ǹda, mo sì fẹ́ kí ọmọ ilé ìwé girama lè sọ ọ́ lórí. Ẹni tó bá gba dátà yín ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ẹ gbà, kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó wá ẹ̀rí pé ẹ kò gbà. Dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi èdè tó yé ènìyàn béèrè. Ẹni tó gbà lánàá lè ní òun kò gbà mọ́ lónìí.

Àwọn òfin wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán nǹkan. Ní 2021, WhatsApp gbé àdéhùn tuntun jáde: ẹ gbà á tàbí kí ẹ má lò ó dáadáa mọ́. Àjọ FCCPC tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà wádìí ọ̀rọ̀ náà fún ọdún mẹ́ta ó lé, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, lórí ní oṣù keje 2024. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn ni pé Meta fún àwọn ará Yúróòpù ní ààyè yíyàn tí kò fún wa. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà sì dá FCCPC láre ní oṣù kẹrin 2025. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, àjọ NDPC tó ń mójú tó dátà ti bu mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lé e lọ́tọ̀, nítorí ìpolówó tó ń tọ ìwà àwọn ènìyàn láìgba ìyọ̀ǹda wọn. Kì í ṣe owó náà ló mú inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Pé àjọ kan ní Àbújá bi iléeṣẹ́ tó tóbi bẹ́ẹ̀ pé “ta ló gbà fún yín?” ni.

Ṣùgbọ́n Àbújá jìnnà sí ẹnu ọ̀nà LASU. Mo tẹ̀lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí káfè kan nítòsí ibẹ̀ lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi orúkọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri, ènìyàn bí ogún lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ó kàn wá, bíráúsà ṣí, ímeèlì ọmọbìnrin mìíràn ló jáde: orúkọ rẹ̀, lẹ́tà ìgbaniwọlé rẹ̀, èsì ìdánwò rẹ̀. Ó ti lọ, ṣùgbọ́n kúkì rẹ̀ kò tíì lọ. Nígbà tí ọmọ wa kọ páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, bíráúsà béèrè bóyá kí òun fi pamọ́, ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ sì na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ìkà. Bí ó ṣe máa ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, kí iṣẹ́ lè yá. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ pa á rẹ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Irú ibẹ̀ gan-an ni fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí Chrome ń pè ní Incognito ti wúlò. Bí ẹ bá ṣí i ní káfè, tí ẹ sì pa á dé nígbà tí ẹ ṣe tán, kúkì yín á bá a kú, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín kò ní bá nǹkan kan. Kò bò yín lójú ìkànnì tí ẹ yà sí o. Ní 2020, àwọn ará Amẹ́ríkà kan pe Google lẹ́jọ́ pé ó ń kó dátà wọn jọ nínú fèrèsé yìí kan náà, ní 2024 Google sì gbà láti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́.

Àwọn tó lo fóònù kékeré ní nǹkan bí ọdún 2010 á rántí Opera Mini. Òun ló jẹ́ kí owó díẹ̀ gbé ènìyàn jìnnà. Ọ̀nà tí ó gbà ń dín dátà kù ni pé kì í lọ sí ìkànnì tààrà; kọ̀ǹpútà Opera ló ń bá yín lọ gbé ojú-ewé wá, ó dì í kí ó fúyẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́. Ìyẹn ni pé ohun gbogbo tí ẹ ń kà, ojú ẹni tó wà láàárín ló kọ́kọ́ ń bá pàdé. Mo lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá sì mọ èyí nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí n ṣì lò ó, nítorí pé owó ló fà á. Àmọ́ ǹ bá mọ ohun tí mo ń fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Nígbà tí a dé ilé láti Alábà, mo nu fóònù ìyá mi mọ́ kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí àga, mo ń ka ojú kọ̀ọ̀kan, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ó gbà wá tó wákàtí kan. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ mọ ibi tí ó wà, ó béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo ní bí ó bá sọnù lọ́nà, máàpù lè mú un padà sílé. Ó ní èyí dára, ṣùgbọ́n ìgbà tí òun bá ṣí máàpù nìkan. A dé ibi ìròyìn bí ó ṣe ń lo ẹ̀rọ; ó ní rárá. A dé ibi tí wọ́n fẹ́ máa fi ohun tó ń wò yan ìpolówó fún un. Ó sinmi díẹ̀. Ó ní ṣé ìyẹn ni pé bí òun bá gbọ́ àdúrà fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, wọ́n á máa fi oògùn ẹsẹ̀ lọ òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní rárá.

Lẹ́yìn náà a ṣí bíráúsà láti wá ìkànnì ìwàásù rẹ̀, pátákó kúkì sì bo ojú rẹ̀ bámú.

“Wọ́n tún ti dé,” ó ní. “Níbo ni wọ́n fi rárá sí?”

Mo bá a wá a. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbá ọwọ́ mi kúrò, ó gbé ìka tirẹ̀ lé e.